Àwòdì Tí Mo Tẹ̀lé Lọ

Ẹ̀jẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mú èmi àti ọkùnrin náà pàdé, ẹ̀jẹ̀ ojú ara mi. Ọlọ́run tí ó dá ojú náà sí ni n ó máa yìn títí n ó fi wọ ilẹ̀, nítorí bí èékánná ẹyẹ yẹn bá fi ìwọ̀n ọmọ ìka kan sún sísàlẹ̀ ni, olójú kan ni ì bá máa kọ ìtàn yìí.

Onífọ́tò ni mí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tí mo ti ń ya àwòrán ìwé ìrìnnà, àti ti àwọn ọmọ ilé ìwé, àti ti àwọn tọkọtaya tí wọ́n ti jà lọ́nà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi tí wọ́n wá ń fi tipátipá rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi ń jẹun. Ẹyẹ ni mo fi ń mí. Kì í sì í ṣe ẹyẹ tí ó bà sórí ẹ̀ka tí ó ń ṣe bí ọmọ dáadáa. Àwòdì ni tèmi.

Àwòdì, onírù àlùmọ́gàjí tí ń gé afẹ́fẹ́ sí wẹ́wẹ́,
A-já-bọ́-bí-òkò má fara gbọgbẹ́,
Ó gba ẹran lọ́wọ́ alágbára, kò dúpẹ́, kò tọrọ gáfárà.

Lẹ́ńsì tí mo fi ń yà á gùn bí apá àgbàlagbà, ó sì wúwo bí ọmọ oṣù mẹ́ta. Bí mo bá yí ọrùn rẹ̀, á fa ohun tó wà lókèèrè wá sí iwájú imú mi. Ẹni tó bá fẹ́ ya ẹyẹ tó ń fò kì í fà á súnmọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ fi ojú fífẹ̀ wá a ní ojú ọ̀run. Bó bá rí i, á tẹ ìgúnpá méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́, á máa yí láti ìbàdí, á máa fa lẹ́ńsì bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹyẹ á fi kún inú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ayé yòókù ti tán nìyẹn. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ a máa fi rúlà onígi na ìka mi títí á fi wú. Á ní, "Má fi ẹyẹ sílẹ̀! Ilé ìbáà máa jó, má fi ẹyẹ sílẹ̀!" Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí lára. Ó wọ̀ mí lára jù.

Ẹ̀yìn ilé ìpẹran ni àwòdì pọ̀ sí jù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ símẹ́ńtì tí wọ́n ti ń tú ìfun ẹran. Mò ń fi lẹ́ńsì tẹ̀lé àwòdì kan lókè, mi ò mọ̀ pé òmíràn ń bọ̀ láti ẹ̀yìn mi wá gbé ìfun. Ó fi èékánná fa ìpéǹpéjú mi ya. Mo ṣubú sínú ẹrọ̀fọ̀ ẹ̀jẹ̀, tèmi àti ti màlúù dà pọ̀.

Ẹnì kan fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú mi. "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́," ó ní.

Mo mọ ohùn náà. Gbogbo òwúrọ̀ ni mo ń gbọ́ ọ tó ń sọ bẹ́ẹ̀ sí etí màlúù kí ó tó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ lọ́rùn.

"Ṣé màlúù ni mí ni?"

"Màlúù kì í jágbe mọ́ èèyàn. Gbé orí dúró jẹ́ẹ́."

"Kámẹ́rà mi ńkọ́?"

"Ojú ẹ ń ṣẹ̀jẹ̀, kámẹ́rà lò ń bèèrè?"

"Ojú á jinná. Lẹ́ńsì kì í jinná."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo nínú lọ́hùn-ún: "Pẹ̀lẹ́! Pẹ̀lẹ́ o! Màlúù ti ń kú ikú ara ẹ̀, ìwọ ń ṣe dókítà obìnrin!" Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ nìyẹn.

*

Láàárín oṣù mẹ́rin tó tẹ̀lé e, Pẹ̀lẹ́ di ẹnìkejì mi nínú iṣẹ́. Ó ti ṣàkíyèsí pé àwòdì kì í bọ́ síbi tí mo bá ń fẹ́.

"Níbo lo fẹ́ kó ti gbé e?" ó bi mí.

Mo nawọ́ sí òkè òrùlé páànù, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń là. Ó gé fùkù màlúù, ó jù ú. Ọwọ́ òsì ló fi ń jù ú, nítorí ọ̀bẹ kì í kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Òfin wọn nìyẹn: alápatà kì í gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ nílé ìpẹran, nítorí ilẹ̀ ń yọ̀, ibi tó bá gbé e sí ni ẹnìkejì á ṣubú lé. Bó bá ti gbé fùkù sókè orí, mo mọ̀ pé ó ti ṣe tán. Bí mo bá gbé ọwọ́ sókè, ó mọ̀ pé èmi náà ti ṣe tán. Á jù ú, àwòdì á já bọ́, ìka mi á sì tẹ bọ́tìnì. Kí èèyàn tó pe "Olúwa" tán, kámẹ́rà mi ti ya mẹ́wàá.

Ní ọjọ́ kan, ó ń fọ apá rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ omi, omi pupa ń sàn lọ sínú gọ́tà. Kò wojú mi.

"O mọ ohun tí àwòdì ń rò kó tó ṣe é. Ṣé o mọ ohun tí èmi ń rò?"

"Ìwọ ò yára tó àwòdì."

"Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tó fi yẹ kó rọrùn fún ẹ láti mú mi."

Mo ṣe bí ẹni tó ń nu lẹ́ńsì. Mo nù ú títí ó fi dá mi lójú pé bí mo bá tún nù ún, gíláàsì á gbó.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún un. Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, alápatà kan gún àbúrò bàbá mi pa níbi ìlà ẹ̀rọ omi, lórí ta ló kọ́kọ́ dé. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ilé wa. Àbúrò bàbá mi rá wá sílé, ó sì kú sí ẹnu ọ̀nà wa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà.

*

Màmá Kékeré ni mo lọ bá, ìyẹn opó àbúrò bàbá mi yẹn. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Ilé ìwòsàn ló ti ń fọ aṣọ: aṣọ ibùsùn, aṣọ iṣẹ́ abẹ, gbogbo ohun tí ẹ̀jẹ̀ ti bà jẹ́. Bó bá ti rí mi pẹ̀lú lẹ́ńsì náà láyà, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Ọmọ tí o gbé pọ̀n síwájú yìí, ta ni bàbá ẹ̀?"

Lọ́jọ́ yẹn mo ní, "Màámi, mo ti rí bàbá ẹ̀. Alápatà ni."

Ó so ìborùn rẹ̀, ó ní kí n mú òun lọ wò ó. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìpẹran, ó ń wo Pẹ̀lẹ́ bó ti ń ṣiṣẹ́. Màlúù mẹ́ta ló ṣubú lójú rẹ̀ kí ó tó pe ọkùnrin náà síta.

"Ṣé o ti na obìnrin rí?"

"Rárá, mà."

"Ọkùnrin ńkọ́?"

"Mo ti nà, mà. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ta ló kọ́kọ́ gbéwọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan àwọn. Ẹ̀ẹ̀kan èmi."

Nígbà tí a ń padà lọ, ó ní, "Eléyìí kò mọ irọ́ pa. Jẹ́ kí n gbìyànjú. Èmi ni mo sin ọkọ. Bí ẹnu kan bá wà tó lè bẹ̀bẹ̀ fún alápatà nínú ilé yìí, ẹnu mi ni."

Bàbá mi, télọ̀ ni. Yàrá ìgbàlejò wa náà ni ìsọ̀ rẹ̀: ẹ̀rọ ìránṣọ létí fèrèsé, àgékù aṣọ nílẹ̀, abẹ́rẹ́ lórí àga débi pé àlejò kì í jókòó láìfọwọ́ pa ibẹ̀ wò. Màmá Kékeré mú àwòrán lọ, èyí tí mo kà sí iṣẹ́ mi tó dára jù, tí mo ti fi gíláàsì bò. Èmi ni mo yàn án. Ọgbọ́n mi ni pé kí bàbá rí ohun ẹlẹ́wà tí èmi àti ọkùnrin náà jọ ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mo rí ọkọ fún ọmọ wa."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ ni."

"Iṣẹ́ ọwọ́ wo? Olè náà ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́."

"Ẹ wo àwòrán yìí ná."

Bàbá gbé awò ojú rẹ̀ sókè. "Ẹyẹ nìyí. Ṣé ẹyẹ ló fẹ́ fẹ́ ẹ?"

"Ẹ wo ìsàlẹ̀ díẹ̀."

Ó wò ó. Mo rí i tí ọrùn rẹ̀ le. Ìgbà náà ni èmi náà tó wo ìsàlẹ̀ àwòrán ara mi dáadáa. Apá Pẹ̀lẹ́ wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dé ìgúnpá, ọ̀bẹ sì ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń pè é wá jẹ́rìí. Oṣù méjì ni mo fi ń wo àwòrán yẹn, ojú ẹyẹ nìkan ni mo ń wò.

"Ìwọ!" Bàbá kọjú sí Màmá Kékeré. "Ìwọ tí o fọwọ́ ara ẹ fọ ẹ̀jẹ̀ ọkọ ẹ kúrò lára ògiri mi!"

"Èmi náà ni, Ẹ̀gbọ́n. Nítorí pé èmi ni mo fọ̀ ọ́ ni mo ṣe lẹ́nu láti sọ̀rọ̀."

Bàbá la àwòrán mọ́ etí ẹ̀rọ ìránṣọ. Gíláàsì fọ́ ká. Ó yí padà, ó sì fọ́ mi létí pẹ̀lú ọwọ́ tí èèrún gíláàsì ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tèmi àti tirẹ̀ jọ ń kán sórí aṣọ oníbàárà.

"Ọ̀bẹ alápatà pa ọmọ ìyá mi. Alápatà kò ní pè mí ní bàbá ìyàwó láyé yìí!"

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan ṣoṣo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi òòlù na ara ọkọ̀ tó ti rún títí á fi tọ́. Kò pariwo rárá. Ó ní, "Bí mo bá gbọ́ pé o padà débẹ̀, mi ò ní bá ẹ wí. Òun ni n ó lọ bá."

*

Ogójì ọjọ́ ni mi ò fi débẹ̀. Mo gbààwẹ̀, mo gbàdúrà, mo ní, "Olúwa, bí ọkùnrin yìí kì í bá ṣe tèmi, mú un kúrò lọ́kàn mi." Kò mú un kúrò. Ọkàn mi wá ń bi mí ní ohun tó burú jù: ṣé ọkùnrin náà ni mo ń ṣàárò, àbí ibi tí ẹyẹ ti ń já bọ́?

Ní ọjọ́ kọkànlélógójì, Màmá Kékeré wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Mo kọjá níbi iṣẹ́ ẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé àwọn àwòdì ń bèèrè ẹ."

"Òun náà ńkọ́?"

"Òun ni olórí wọn."

Mo lọ. Kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi, mo gun orí àtẹ̀gùn irin táńkì omi tó wà lódìkejì pápá tó kọjú sí ilé ìpẹran, níbi tó jìnnà tó láti ojú góòlù kan sí ekejì. Láti ibẹ̀ mo rí Pẹ̀lẹ́ tó jáde, ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, fùkù lọ́wọ́ òsì. Ó rí mi. Ó gbé fùkù sókè orí. Mo gbé ọwọ́ mi sókè, mo fi ojú mọ́ lẹ́ńsì, mo fà á súnmọ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi ti tọ̀ mí lẹ́yìn láti ṣọ́ọ̀bù. Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun.

Apá kan tí kì í ṣe ti Pẹ̀lẹ́ wọ inú lẹ́ńsì. Sípánà gígùn tí wọ́n fi ń tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnì. Ó tẹ̀ ẹ́, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Gbogbo ìjà náà kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà lọ. Mo mọ̀, nítorí ọgọ́ta àwòrán ni mo bá nínú kámẹ́rà. Apá òsì Pẹ̀lẹ́ kán ní ojú méjì, orí rẹ̀ là. Àgbọ̀n ẹ̀gbọ́n mi fọ́, eyín mẹ́rin sì kù sórí símẹ́ńtì láàárín ìfun màlúù. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ tí mo sáré débẹ̀, àwọn alápatà ti ń fi kẹ̀kẹ́ ẹran gbé àwọn méjèèjì lọ.

Mo wo àwọn àwòrán náà fúnra mi, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti tì. Mo rí ohun tí Pẹ̀lẹ́ ṣe nínú wọn. Mo sì rí ohun tí èmi ṣe.

*

Wọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n tẹ́ wọn sí, aṣọ ìkélé ló pín wọn. Màmá Kékeré ló ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn méjèèjì. Ó ní, "Omi kan náà ni. Ẹ̀jẹ̀ wọn ò bá ara wọn jà nínú omi."

Wọ́n ti fi wáyà di eyín òkè ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ti ìsàlẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀, ó wá kọ ọ́ sí ìwé fún bàbá: Ó YỌ Ọ̀BẸ SÍ MI LỌ́RÙN. Bàbá ká ìwé náà sí àpò àyà rẹ̀, ó ń fi hàn kiri bí ìwé ilé.

Èmi gba ẹ̀yìn ìkélé lọ bá Pẹ̀lẹ́. Apá rẹ̀ wà nínú símẹ́ńtì funfun, ojú rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí.

"Nígbà tí mo ṣubú," ó ní, "òkè táńkì ni mo wò. Mo ní bí n ó bá kú, kí n rí ẹ. Kí lò ń ṣe lókè yẹn?"

"Mò ń sunkún."

"Mi ò gbọ́ kí o ké."

"Ohùn mi gbẹ."

Ó wò mí bí ó ti máa ń wo màlúù tí kò fẹ́ gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé. "Ó dáa," ó ní, ó sì kọjú sí ògiri. Irọ́ ni mo pa. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, kò kàn mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá àwọn méjèèjì sílẹ̀ nílé ìwòsàn, bàbá ránṣẹ́. Ó ní kí alápatà wá sí ilé òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó wá sọ lójú òun bóyá ó yọ ọ̀bẹ sí ọmọ òun lóòótọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, òun á ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó pa títí láé. Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ, gbé kámẹ́rà ẹ wá. Mo gbọ́ pé o wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ kì í ṣègbè."

Màmá Kékeré fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó mọ iye àwòrán tó wà níbẹ̀ àfi ìwọ. Ìwọ ló mọ ibi tí wàá dé tí wàá fi dúró."

*

Mo so kámẹ́rà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bàbá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní orí àga gígùn, ẹnu rẹ̀ dì. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ìpàdé ẹbí àkọ́kọ́ tí kò ti ní já lu ọ̀rọ̀ nìyí. Pẹ̀lẹ́ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú apá tó so rọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó.

Mo ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòrán kìíní: sípánà lókè. Ìkarùn-ún: sípánà lórí apá òsì, fùkù ń bọ́ lọ. Ìkẹsàn-án: èjìká. Ìkẹtàlá: ìhà.

"Ta ló kọ́kọ́ lu ẹnìkejì?" Màmá Kékeré bèèrè. Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀.

Àwòrán kẹtàdínlógún. Ọ̀bẹ wà ní ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀gbọ́n mi. Ojú Pẹ̀lẹ́ tó wà lókè rẹ̀ kì í ṣe ojú èèyàn tó ń dẹ́rù bani lásán.

Bàbá dìde. Ó súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí èémí rẹ̀ bo gíláàsì. "Kí ló wà lọ́kàn ẹ níbí yìí?"

"Mo fẹ́ pa á, sà," ni Pẹ̀lẹ́ wí.



"O fẹ́ pa á."

"Mo fẹ́ pa á. Irin ti bà mí lẹ́ẹ̀mẹta, ọrùn ẹ̀ sì wà níwájú mi. Ọrùn ni iṣẹ́ mi, sà. Mo mọ ibi tí mo lè fi ọ̀bẹ sí."

Bàbá di ọwọ́ méjèèjì mọ́ orí. "Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ara ẹ̀!"

"Tẹ èyí tó kàn," ni Màmá Kékeré wí fún mi.

Ìkejìdínlógún, ọ̀bẹ ṣì wà níbẹ̀. Ìkọkàndínlógún, ó ṣì wà níbẹ̀. Ní àwòrán ogún, ìka ọwọ́ ọ̀tún Pẹ̀lẹ́ là, gbogbo márààrún, ọ̀bẹ sì wà nínú afẹ́fẹ́, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Màmá Kékeré wá dúró níwájú rẹ̀. Ó fi ìka kan ọwọ́ tó là náà lórí gíláàsì.

"Láti ibi tó ti fẹ́ pa á dé ibí, báwo ló ṣe pẹ́ tó?"

"Kò tó ìṣẹ́jú ojú, Màámi."

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń bi Ọlọ́run." Ìka rẹ̀ ṣì wà lórí gíláàsì. "Mo ní, ẹni tó pa ọkọ mi, ṣé kò ní àyè láti ronú ni? Èmi rò pé ó nílò wákàtí kan. Ìṣẹ́jú ojú kan péré ni! Ẹni yẹn náà ní i. Ọwọ́ ẹ̀ ò là. Ti eléyìí là. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ má fi ẹni tó ju ọ̀bẹ nù ṣe ọ̀kan pẹ̀lú ẹni tó gún un wọlé."

Mo tẹ̀ ẹ́ lọ: ẹ̀gbọ́n mi fi irin la orí Pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn tí ọ̀bẹ ti bọ́, Pẹ̀lẹ́ wólẹ̀ sórí orúnkún, ó fi ìkúùkù gbá àgbọ̀n ẹ̀gbọ́n mi láti ìsàlẹ̀, eyín fò, itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ fò. Ní àwòrán kẹtàdínláàádọ́ta, àwọn méjèèjì ti wà nílẹ̀, ojú Pẹ̀lẹ́ sì kọ sí òkè, ó ń wá nǹkan kan.

"Ó tán?" bàbá bi mí.

Ìka mi wà lórí bọ́tìnì. Mo lè sọ pé ó tán. Màmá Kékeré kò wò mí, kí ó má bàa dà bí ẹni pé òun ń ràn mí lọ́wọ́. Mo gbé ojú sókè, mo rí Pẹ̀lẹ́ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ẹni tó sọ pé "mo fẹ́ pa á" lójú bàbá mi láìfi nǹkan kan pa mọ́ sábẹ́ ahọ́n.

"Kò tíì tán, bàbá."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ìkejìdínláàádọ́ta: etí Pẹ̀lẹ́ nìkan ló kù ní igun àwòrán, ìyẹ́ apá àwòdì sì ti wọlé. Ìkọkàndínláàádọ́ta: àwòdì tó gbé fùkù tó bọ́ sílẹ̀. Láti àádọ́ta títí dé ọgọ́ta, ẹyẹ nìkan ni. Ẹyẹ tó mọ́ kedere, ẹyẹ tó ń gòkè lọ nínú oòrùn.

Bàbá fi ojú wá àwọn ọmọkùnrin náà lórí gíláàsì. "Níbo ni wọ́n wà?"

"Ilẹ̀ ni mo fi wọ́n sí, bàbá. Mo tẹ̀lé ẹyẹ lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí sókè.

Mo kúnlẹ̀. "Mi ò sunkún lókè táńkì. Mi ò ké. Ẹyẹ wọ inú lẹ́ńsì, mo sì yí tẹ̀lé e, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó fò lọ kí n tó rántí pé ẹ̀gbọ́n mi àti ẹni tí mo fẹ́ wà nílẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún un ní wọ́ọ̀dù."

Bàbá jókòó bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀.

"Gbogbo ìbẹ̀rù mi," ó ní, "ọwọ́ àna ni mò ń bẹ̀rù. Mi ò mọ̀ pé ojú ọmọ mi ló yẹ kí n máa bẹ̀rù."

"Ó tó," ni Màmá Kékeré wí. "Ẹ wò ó, àwa ló yẹ ká máa bẹ ọmọkùnrin yìí."

Bàbá gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀gún. "Alápatà. Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?"

Pẹ̀lẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún gbé apá tó so rọ̀ náà ró. "Ẹ jẹ́ kí n bi í ní nǹkan kan, sà." Ó yíjú sí mi. "Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, tí ẹyẹ wọ inú oòrùn. Ṣé ó dára?"

Mo mọ ìdáhùn tó rọrùn. Mi ò lè sọ ọ́.

"Ó dára," mo ní. Omijé ti bò mí lójú. "Òun ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo tíì yà láyé mi."

Ohùn kan jáde lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi láàárín wáyà. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ìrora. Ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo fẹ́ ẹ, sà," ni Pẹ̀lẹ́ wí fún bàbá mi. "Ẹni tó lè sọ ìyẹn lójú gbogbo yín, kò tún sí ohun tó máa fi pa mọ́ fún mi." Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú mi, díẹ̀díẹ̀ nítorí ìhà rẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí o bá tún rí i tí wọ́n ń pa mí, kọ́kọ́ ké ná. Lẹ́yìn náà, kí o máa bá ẹyẹ ẹ lọ."

"Màá ké," mo ní.

Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ké níbẹ̀, lórí orúnkún mi, pẹ̀lú gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún mi, bí ẹni tí irin ń bà lára, ọjọ́ mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn ìjà. Àwọn ará ilé kejì ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń bèèrè ẹni tó kú. Bàbá mi kò sọ pé kí n dákẹ́.